Oògùn tó kọ́kọ́ ń fi ibi tó ń lọ hàn

Nígbà tí àwọn ará ilé bá gbọ́ pé àwòrán jẹjẹrẹ ni mo ń yà nílé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti rí oògùn rẹ̀?" Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo, nítorí náà n kò lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oògùn tí mo ti bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀kan wà tí mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú: èròjà kékeré kan tí a lẹ irin onítànṣán mọ́, kó lè wá kókó jẹjẹrẹ rí, kó sì pa á. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó gbà á ló ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé, kí a tó fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó lè pa sẹ́ẹ̀lì, a ti kọ́kọ́ fún un ní díẹ̀ tí kò lè pa nǹkan kan, a sì ti fojú wa rí gbogbo ibi tó gbà kọjá àti ibi tó jókòó sí. Bí kò bá dé ibi tí àrùn wà, a ò ní fún un. N kò mọ ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ tó ń bá aláìsàn sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ara rẹ̀.

Àwòrán náà kò ṣòro láti kà bí ojú bá ti mọ́ ọn. Ibi tí èròjà onítànṣán náà bá jókòó sí ló máa ń dúdú. Ọlọ inú ló máa ń dúdú jù lórí rẹ̀, kíndìnrín méjèèjì á tẹ̀ lé e, ẹ̀dọ̀ kò ní dúdú tó wọn, àpò ìtọ̀ náà á dúdú nítorí ibẹ̀ ni èròjà náà ń gbà jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá máa wo ibi tí kò yẹ kó dúdú: àmì kan nínú ìfun kékeré, mẹ́ta nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tí aláìsàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. A máa ń fún àwọn àmì wọ̀nyí ní máàkì láti 0 dé 4. Bí kókó bá dúdú ju ẹ̀dọ̀ lọ, ó gba 3; bó bá dúdú ju ọlọ inú lọ, ó gba 4. Ẹni tí kókó rẹ̀ bá gba 3 tàbí 4 ni a lè bá sọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Orúkọ dókítà ará Netherlands kan, Eric Krenning, ni wọ́n fi ń pe òṣùwọ̀n yìí, a ó sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a fi ń ya àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní peptide. Amino acid, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kọ́ ẹran ara, ni wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bí okùn náà bá gùn gan-an, purotéènì ni. Bó bá kúrú, peptide ni. Ọ̀pọ̀ họ́mọ̀nù tó ń jíṣẹ́ kiri inú ara wa ló jẹ́ peptide. Ẹni tó bá mọ àrokò àwọn baba wa kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: owó ẹyọ tí a sín sórí okùn, tí iye rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe kọ síra ń sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè tú u. Yí ẹyọ kan padà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Nínú ara, ẹni tó ń tú àrokò yìí ni purotéènì kan tó wà ní ẹ̀yìn ara sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní receptor. Olùgbà ni n ó máa pè é. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní olùgbà peptide kan, bí peptide náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan kọjá.

Ní 1973, ní Salk Institute ní California, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Roger Guillemin ròyìn peptide kan tí wọ́n rí nínú ọpọlọ àgùntàn. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni èyí tó ń mú kí ara tú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè jáde. Èyí tí wọ́n rí ló ń dá a dúró. Wọ́n sọ ọ́ ní somatostatin, amino acid 14 ló wà lórí okùn rẹ̀. Ó ń dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró nínú ara yàtọ̀ sí họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè: insulin àti glucagon tí wọ́n ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti omi tí ikùn àti ìfun ń tú jáde. Bí ara bá ń ṣe àṣejù, òun ló ń sọ pé ó tó.

Ní 1977, Guillemin àti Andrew Schally, ẹni tí òun àti Guillemin ti jọ ń díje láti ọjọ́ pípẹ́, gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹni kẹta tó bá wọn pín in ni Rosalyn Yalow, obìnrin kan láti ilé ìwòsàn àwọn jagunjagun tẹ́lẹ̀rí ní Bronx, ní New York. Ohun tí Yalow ṣe ni pé ó lẹ iodine onítànṣán mọ́ họ́mọ̀nù kó lè ka iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bó bá kéré kọjá ohun tí ẹ̀rọ mìíràn lè rí. Nígbàkígbà tí mo bá rántí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ mi nílò ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní Stockholm: peptide lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì, ìtànṣán tí a lẹ̀ mọ́ peptide lọ́wọ́ obìnrin kan. Síbẹ̀, ọdún bíi méjìlá ló kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi méjèèjì wá kókó jẹjẹrẹ rí nínú ara ènìyàn.

Ohun tó fa ìdádúró náà ni pé somatostatin kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, ara ti gé okùn rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ara kò fẹ́ kí iṣẹ́ tí a ti jẹ́ tán ṣì máa dún kiri, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀, àmọ́ oògùn tí kò lè pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè dé ibi tí a rán an. Ní Basel, ní Switzerland, Wilfried Bauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Sandoz jókòó ti okùn náà. Wọ́n rí i pé nínú amino acid 14 yẹn, mẹ́rin péré ni olùgbà ń kà ní tòótọ́. Wọ́n dá ibi tó ṣe pàtàkì sí, wọ́n gé ìyókù, wọ́n sì fi irú amino acid tó jẹ́ ti òdìkejì, bí òjìji inú dígí, rọ́pò ibi méjì tí ara ti máa ń gé e. Octreotide ni wọ́n pe èyí tó jáde ní 1982. Amino acid 8 ló ní, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, tí mo bá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ibí yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, torí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé ìtànṣán ni iṣẹ́ ńlá inú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ àwọn tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gé àti ibi tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Láàárín àwọn ọdún 1980 náà, Jean Claude Reubi, tó fìdí kalẹ̀ sí Bern ní Switzerland, ń da peptide onítànṣán sórí ẹran kókó tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti yọ, ó ń wò ó bóyá yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó lẹ̀ gan-an. Àwọn kókó kan tó ń hù láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní neuroendocrine, ní olùgbà somatostatin lára lọ́pọ̀ yanturu, ó pọ̀ ju ti sẹ́ẹ̀lì àyíká wọn lọ fíìfíì. Oríṣi olùgbà yìí márùn-ún ló wà. Èkejì ló pọ̀ jù lára wọn. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló mú Steve Jobs tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀. Inú pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn tó ń ṣe insulin, ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, Krenning àti Steven Lamberts ní Rotterdam kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé àwọn ti fi octreotide onítànṣán sínú ara aláìsàn, àwọn sì ti rí kókó lórí àwòrán. Ẹni tí kókó wà lára rẹ̀ ṣì wà láàyè, abẹ kankan kò kàn án, a sì mọ ibi tó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di ti irin onítànṣán wo ni kí a lẹ̀ mọ́ peptide. Helmut Mäcke ní Basel wà lára àwọn tó lo DOTA, èròjà kan tó máa ń di irin mú tí kì í jẹ́ kó já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé nìyí: DOTA kan náà lè gbé irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá fi gallium-68 sí i, àwòrán la óò rí. Bí a bá yọ gallium kúrò tí a fi lutetium-177 sí i, oògùn ni. Peptide kò yí padà, olùgbà kò yí padà, ojú ọ̀nà kò yí padà. Ìtànṣán tí lutetium ń tú jáde kì í rìn kọjá nǹkan bíi mìlímítà 2 nínú ẹran ara, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tó gbé e mì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń jìyà, ohun tó wà lókèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó tún ń tú ìtànṣán díẹ̀ mìíràn tó lè jáde kúrò nínú ara, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a fún aláìsàn lóògùn gan-an, a ṣì lè ya àwòrán ibi tí oògùn náà lọ.

Ìdánwò tó sọ ọ́ di ìtọ́jú tí ìjọba fọwọ́ sí ni NETTER-1, tó jáde ní 2017. Aláìsàn 229 ló kópa, tí kókó wọn bẹ̀rẹ̀ láti inú ìfun, tí ó sì ti tàn ká. Àwọn kan gba lutetium mọ́ peptide ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ síra. Àwọn yòókù gba octreotide lásán ní ìwọ̀n tó pọ̀. Ní oṣù 20, nínú àwọn tó gba lutetium, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn wọn kò tíì le sí i. Nínú àwọn yòókù, ìdá 11 péré ni. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún náà, Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2018, ilé ìwòsàn ìjọba níbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù pẹ̀lú, nítorí àwọn tó ń ta ìrètí lórí WhatsApp kì í sọ ọ́. Kókó ẹni 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló súnkì dé ìwọ̀n tí àwọn dókítà lè kà á sí. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ohun tí oògùn náà ṣe ni pé ó dá àrùn dúró síbi tó wà. Nígbà tí wọ́n ka iye ọdún tí àwọn ènìyàn fi wà láàyè, àwọn tó gba lutetium gbé oṣù 48 ní àárín, àwọn yòókù oṣù 36, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò lágbára tó láti fi ṣe ẹ̀rí, ní apá kan nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò kọ́kọ́ gbà á ló padà wá gbà á nígbà tó yá. Ìdánwò NETTER-2 tó jáde ní 2024, tó fi oògùn náà ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àwọn tí tiwọn ń yára dàgbà díẹ̀, rí i pé oṣù 22.8 ni àrùn fi dúró, nígbà tó jẹ́ 8.5 fún àwọn tí kò gbà á. Èmi ka èyí sí ohun ńlá. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn tí ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà, tó wá rí i lẹ́yìn ìtọ́jú kejì tó ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, kò ní bi mí pé kí ni àǹfààní àrùn tó dúró sójú kan.

Ọjọ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀ gùn. Lutetium kò gbà ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láti wọ ara. Ohun tó ń gba wákàtí mẹ́rin ni omi amino acid, lysine àti arginine, tí a ń fi dáàbò bo kíndìnrín. Kíndìnrín máa ń fa peptide padà látinú ìtọ̀, ìyẹn sì lè bà á jẹ́. Bí lysine àti arginine bá ti kún ibẹ̀, peptide onítànṣán kò ní ráyè dúró, á bá ìtọ̀ lọ. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo yttrium-90, irin onítànṣán mìíràn tí ìtànṣán rẹ̀ ń rìn jìnnà ju ti lutetium lọ, àwọn aláìsàn kan pàdánù kíndìnrín wọn. Wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ náà lára àwọn ènìyàn gidi, n kò sì fẹ́ kí a gbàgbé wọn. Omi amino acid yìí ló sábà máa ń mú kí èébì gbé aláìsàn. Irun orí kì í sábà re dànù bíi ti kẹmó. Mùdùnmúdùn inú eegun ni a máa ń bẹ̀rù fún jù, nítorí pé nínú ìwọ̀nba àwọn ènìyàn, nǹkan bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún, àrùn ẹ̀jẹ̀ tó le lè jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ohun tó sì máa ń nira jù fún àwọn ìyá wa kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Màmá kan láti Abẹ́òkúta, tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́, gbọ́ gbogbo àlàyé mi lórí èébì àti ẹ̀jẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé orí pé ara rẹ̀ yóò máa tú ìtànṣán díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pé kó máa jìnnà sí ọmọdé àti aboyún, ó gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ọmọ tí ọmọ mi bí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ta ni kó máa wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ óò wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí a kọ sínú ìwé yìí pé ná."

"Ṣé mo lè máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà?"

Mo ní ó lè wò ó. Ó ní ó dáa, ó na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá bi mí nípa ìtọ̀, ìnura, àti àwo oúnjẹ, gbogbo ohun tí ìwé ìlànà wa kọ sílẹ̀ dáadáa. Ìwé náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò wẹ ọmọ ọwọ́, mo sì rò pé ó yẹ kó sọ ọ́, nítorí pé nínú ilé wa, ìyẹn ni iṣẹ́ ìyá àgbà.

Ọ̀rọ̀ awọ ara wa tún wà níbẹ̀. Nígbà tí kókó yìí bá ti dé ẹ̀dọ̀, ó lè máa da serotonin àti àwọn èròjà mìíràn sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìṣègùn sọ pé ojú àti àyà aláìsàn á máa pọ́n lójijì, ìgbẹ́ gbuuru á máa yọ ọ́ lẹ́nu, èémí rẹ̀ á máa dún bíi ti oníkọ́ fée, bó bá sì pẹ́, á ba apá ọ̀tún ọkàn jẹ́. Awọ funfun ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n kọ "pọ́n" sínú ìwé. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ooru ni aláìsàn yóò máa sọ pé ó ń gbé òun. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, wọ́n á ní nǹkan oṣù ló ń parí. Bó bá jẹ́ ti inú rírun, nílé wa, ulcer ni, gbogbo ènìyàn ló ní ulcer. Ọdún máa ń gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan jẹjẹrẹ yìí, kódà níhìn-ín tí ẹ̀rọ pọ̀ sí. Bí ẹ bá ní ènìyàn tó ń sọ pé ooru ń gbé òun lójijì, tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe é lóru pẹ̀lú lọ́sàn-án láìjẹ́ pé oúnjẹ kan ló fà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ulcer lé e kúrò.

Peptide mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ tún ya èmi lẹ́nu ju ti somatostatin lọ. Aláǹgbá olóró kan ń gbé inú aginjù gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Gila monster. Ní 1992, John Eng, ní ilé ìwòsàn Bronx kan náà tí Yalow ti ṣiṣẹ́, ròyìn peptide kan látinú oró tó wà nínú itọ́ aláǹgbá yìí. Ó sọ ọ́ ní exendin-4. Ó ń jíṣẹ́ fún olùgbà kan náà tí GLP-1, họ́mọ̀nù kan tó wà nínú ara wa, ń jíṣẹ́ fún, àmọ́ ó pẹ́ ju GLP-1 lọ fíìfíì. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn àtọ̀gbẹ, kí wọ́n tó wá lẹ gallium mọ́ ọn láti fi wá insulinoma, kókó inú pancreas tó ń da insulin sínú ẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Kókó yìí sábà máa ń kéré, kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ohun tó sì ń fi ojú ènìyàn rí pọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, pàápàá tí ènìyàn kò bá tíì jẹun: á máa sọ ìsọkúsọ, á máa bá ènìyàn jà, gìrì á máa gbé e. Wọ́n ti kó irú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ rí, wọ́n ti fún wọn ní oògùn wárápá rí. Ní ilẹ̀ wa, a mọ ibi tí wọ́n á gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, ààwẹ̀ tí wọ́n á sì fi lé e lórí ni yóò pa á lára jù. Ọ̀pọ̀ insulinoma kì í sì í ṣe èyí tó ń tàn ká. Bí wọ́n bá rí i tí wọ́n yọ ọ́, ó tán nìyẹn. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé àwòrán lásán, láìsí oògùn onítànṣán kankan lẹ́yìn rẹ̀, lè dá ènìyàn padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú orí pípé.

Àwọn ọkùnrin wa ń kọ́? Lára jẹjẹrẹ prostate, purotéènì ẹ̀yìn ara sẹ́ẹ̀lì tí à ń lépa ni wọ́n ń pè ní PSMA. Ohun tí a fi ń lépa rẹ̀ kì í ṣe peptide gan-an, ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: gallium fún àwòrán, lutetium fún oògùn. Nínú ìdánwò VISION ní 2021, ọkùnrin 831 tí oògùn mìíràn ti kùnà lára wọn ló kópa. Àwọn tó gba lutetium gbé oṣù 15.3 ní àárín, àwọn yòókù oṣù 11.3. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2022. Níbí, àjọ tó ń pinnu ohun tí ìjọba yóò san owó rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní 2023 nítorí iye owó. Ó dùn mí gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ni jẹjẹrẹ prostate ń mú. Láàárín àwọn ọkùnrin dúdú, 1 nínú 4 ni. Bí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò owó oògùn tó ń ran àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rántí ìdílé àwọn tí àrùn náà ń kó lọ jù.

Nàìjíríà wá ń kọ́? Ìbéèrè kejì tí àwọn ará ilé máa ń bi mí nìyẹn, òun ló sì ṣòro jù, torí pé oògùn yìí ń bá aago sáré. Ìdajì agbára gallium-68 ń tán ní ìṣẹ́jú 68. Ẹni tó bá ti há sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí mọ ohun tí ìṣẹ́jú 68 lè ṣe. A kò lè rà á ní Yúróòpù kí a máa fọkọ̀ òfuurufú gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, germanium-68, ìdajì tirẹ̀ kì í tán títí di ọjọ́ 271. Ilé ìwòsàn tó bá ní àpótí rẹ̀ lè máa fún gallium jáde lára rẹ̀ ní àràárọ̀ fún bí ọdún kan. Lutetium ní tirẹ̀ ń gbà tó ọjọ́ mẹ́fà àti ààbọ̀, ó lè rin ìrìn-àjò. Ní Pelindaba, nítòsí Pretoria, ẹ̀rọ átọ́míìkì SAFARI-1 ti ń ṣiṣẹ́ láti 1965, wọ́n sì ń ṣe lutetium-177 ní Gúúsù Áfíríkà. Mike Sathekge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pretoria wà lára àwọn tí gbogbo ayé ń ka iṣẹ́ wọn lórí actinium-225, irin onítànṣán mìíràn, fún jẹjẹrẹ prostate. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n wà, lára àwọn aláìsàn tiwa ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń wá kà lọ́dọ̀ wọn.

UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibùdó ìṣègùn onítànṣán sílẹ̀ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IAEA, àjọ átọ́míìkì àgbáyé, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé àfi tí a bá ra ẹ̀rọ PET, èyí tí a fi ń ya àwòrán gallium, ká tó lè bẹ̀rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. A lè lẹ technetium-99m, irin onítànṣán mìíràn, mọ́ peptide tó jọ octreotide. Gamma camera, ẹ̀rọ tó ti wà tipẹ́ ṣáájú PET, ni a lè fi ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Polatom ní Poland ń ta àpò èròjà rẹ̀ tí a óò kàn po pọ̀ lórí tábìlì iṣẹ́. Ìdajì technetium ń tán ní wákàtí 6, èyí tó tó fún aláìsàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti dé, kó jókòó, kó gba abẹ́rẹ́, kí a sì ya á. Àwòrán náà kò mọ́ tó ti PET, kókó kéékèèké lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni Yúróòpù fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì lè sọ fún dókítà bóyá olùgbà wà tàbí kò sí. Bó bá ti sọ pé olùgbà kò sí, ìdílé kan kò ní ta ilẹ̀ láti lọ ra lutetium ní òkè òkun fún ẹni tí kò ní ṣe láǹfààní. Mo ti rí àwọn tó tà á.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ "neuroendocrine" sí lọ́wọ́, kó bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí kó tó gbéra lọ sí ibikíbi. Mélòó ni Ki-67 kókó náà, èyí tó ń sọ bó ṣe ń yára dàgbà sí? Ǹjẹ́ a ti ya àwòrán olùgbà somatostatin, kókó náà sì dúdú ju ẹ̀dọ̀ lọ? Báwo ni kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì pé? Kó gba àwòrán náà sórí CD, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò, kó mú méjèèjì dání. Ilé ìwòsàn tó bá ní kó san owó oògùn kí wọ́n tó wo àwòrán, kó má san án.